Ọkọ̀ Tí Kò Lo Kọ́kọ́rọ́ ní Bantama: Ta Ló Ń Jẹ Ìrọ̀rùn, Ta Ló Ń Ru Ewu?

Ní ojú ọ̀nà tó kọjú sí ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye ní Bantama, ní ìlú Kumasi ní Gáná, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ̀ òde òní àti ti àtijọ́ máa ń hàn gbangba láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ òru, tó gbé báàgì kọ́ apá, tó tún fọwọ́ kejì di kúlà oúnjẹ mú, kì í wá kọ́kọ́rọ́ rárá. Yóò kàn fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á ṣí. Á jókòó, á fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, á fìka tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì dáhùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, onítáàsì kan ti kọ́kọ́rọ́ onírin bọ ojú ihò, ó ń mì ín sọ́tùn-ún, ó ń mì ín sósì. Ihò náà ti gbó tipẹ́, ọgbọ́n ọwọ́ ló ń bá a tan.

Ẹni tó bá wo àwọn méjèèjì yóò ní ẹjọ́ ti parí, ti nọ́ọ̀sì ló sàn jù. Ẹjọ́ kò parí. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ti kọ lórí ọkọ̀ tí kò lo kọ́kọ́rọ́, ẹni tó ń ra ọkọ̀ tuntun ni wọ́n kọ ọ́ fún: ẹni tó ní gáréèjì, tó ní ìwé adójútòfò tó péye, tí wọ́n sì fi rìmóòtù méjì lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó gbé ọkọ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà ní Bantama kò gba ọ̀nà yẹn wá. Gáná ti fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ ọdún 1974, ọdún méjì lẹ́yìn tí Nàìjíríà ṣe tirẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ Ìlú Ọba tí sítíárín rẹ̀ wà lọ́tùn-ún kò bá ọ̀nà ibẹ̀ mu. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni oníṣòwò ọkọ̀ kọjú sí, èbúté Tema ni wọ́n sì ń kó o gbà wọlé. Tòkunbọ̀ ni, bí àwa ará Nàìjíríà ṣe ń pè é. Nígbà tí ọkọ̀ náà bá fi máa dé Bantama, ọwọ́ ẹni kẹta tàbí ẹni kẹrin ló bọ́ sí. Níbẹ̀ ni ìdájọ́ mi ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó kọ̀wé fún ará Yúróòpù: ẹni àkọ́kọ́ tó ra irú ọkọ̀ yìí ló ń jẹ ìrọ̀rùn rẹ̀, ẹni tó rà á gbẹ̀yìn ló ń jogún ìnáwó àti ewu rẹ̀.

Ohun náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1980, Ford fi bọ́tìnnì onínọ́ńbà márùn-ún sí ara ilẹ̀kùn àwọn ọkọ̀ ńlá rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ẹni tó mọ nọ́ńbà àṣírí lè ṣí i lọ́wọ́ òfo. Ní 1982, Renault Fuego ti ilẹ̀ Faransé gbé rìmóòtù tó ń ṣí ilẹ̀kùn láti òkèèrè jáde. Corvette ọdún 1993 tún lọ síwájú, ó ń dá olówó rẹ̀ mọ̀ bó bá ṣe ń sún mọ́ ọn, láìtẹ ohunkóhun. Nígbà tí Mercedes-Benz fi Keyless-Go sínú S-Class rẹ̀ ní 1998, ohun tí a mọ̀ lónìí ti pé: ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀, bọ́tìnnì tó ń tan ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kúrò lára ọkọ̀ olówó, ó bọ́ sára Corolla, Elantra àti RAV4. Ìgbà yẹn ló tó di ọ̀rọ̀ tiwa.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tí ẹ bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ọkọ̀ á ké sí rìmóòtù lórí ìgbì rédíò tó rẹlẹ̀, nǹkan bíi 125 tàbí 134 kilohertz, tí kì í rìn ju mítà kan sí méjì lọ. Rìmóòtù tó wà lápò yín á jí, á ṣe ìṣirò àdìtú tirẹ̀, á sì dáhùn lórí ìgbì tó ga jù ú lọ: 315 megahertz bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà tàbí Jàpáànù, 433 megahertz bó bá jẹ́ ti Yúróòpù. Bí ìdáhùn náà bá bá ohun tí ọkọ̀ ń retí mu, ilẹ̀kùn á ṣí. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì yẹn sọ́kàn, nítorí wọ́n ń ná èèyàn lówó. Rìmóòtù Corolla tí ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá yín rà, tó sì fi ránṣẹ́, lè jọ tiyín délẹ̀délẹ̀, kó má sì bá ọkọ̀ yín sọ̀rọ̀ láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìrọ̀rùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù. Obìnrin tó ti ọjà Kejetia bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ méjèèjì mọ ohun tó túmọ̀ sí kí búùtù ṣí láìgbé ẹrù kalẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Bàbá tí àrùn oríkèé ara kò jẹ́ kí ìka rẹ̀ lè yí kọ́kọ́rọ́ mọ́ ṣì lè máa wa ọkọ̀ rẹ̀. Lóru, tí iná bá lọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kó máa wá ojú ihò pẹ̀lú iná fóònù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ yìí kì í sì í gbà kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ rìmóòtù nínú. Ó máa ń han ni. Ẹni tó bá ti dúró nínú oòrùn ọ̀sán rí, tó ń wo kọ́kọ́rọ́ onírin rẹ̀ látojú gíláàsì, tí ọmọ iṣẹ́ kan sì ń fi wáyà wọ́ ilẹ̀kùn, yóò mọ iye tí ìyẹn tó.

Àǹfààní kan tún wà tí àwọn tó fẹ́ràn kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Ọkọ̀ onírìmóòtù kò lè ṣe láìní immobiliser, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tan àyàfi bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá gbọ́ àdìtú tó tọ́ láti ara kọ́kọ́rọ́. Àwọn àgbà awakọ̀ a máa sọ pé irin ni irin ń jẹ́, pé kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn fojú rí ló lè fọkàn tán. Ìtàn Kia àti Hyundai ní Amẹ́ríkà tú ọ̀rọ̀ yẹn ká. Láti nǹkan bí ọdún 2011 títí dé 2021, ilé iṣẹ́ méjèèjì ta ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà láìfi immobiliser sí i. Èyí tó ní bọ́tìnnì ní in. Èyí tó ní kọ́kọ́rọ́ onírin ni kò ní in. Àwọn ọmọdé kan ní ìlú Milwaukee ṣàwárí pé bí èèyàn bá ya ike tó bo ìdí sítíárín, ẹnu wáyà USB lásán tó láti yí ibi ìtanná. Ní ọdún 2022, TikTok gbé e kárí orílẹ̀-èdè, olè ọkọ̀ sì di eré ọmọdé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2023, ilé iṣẹ́ méjèèjì kéde àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.3 ọkọ̀, ìjọba ibẹ̀ sì ti so ikú èèyàn 8, ó kéré tán, mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó kan ará Bantama nínú rẹ̀ ni pé àwọn Elantra, Sonata àti Kia Forte wọ̀nyẹn wà lára àwọn tó ń wọ èbúté Tema. Kánádà ti sọ immobiliser di dandan fún ọkọ̀ tuntun láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, Amẹ́ríkà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ méjì tó jọra, ọdún kan náà, àwọ̀ kan náà, ọ̀kan láti Toronto, èkejì láti Milwaukee: kọ́kọ́rọ́ onírin ni méjèèjì ń lò, ààbò wọn kò sì jọra rárá.

Kódà kọ́kọ́rọ́ onírin tó ní ṣíìpù nínú kì í ṣe odi gíga bí a ṣe rò. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì KU Leuven ní Belgium àti ti Birmingham ní Ìlú Ọba fi hàn pé àdìtú tí Toyota, Kia àti Hyundai lò nínú ṣíìpù irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé já, tí Camry àti Corolla àwọn ọdún kan sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun kórìíra bọ́tìnnì nítorí olè, kó wá ìdí mìíràn.

Ìdí mìíràn náà wà. Ní ọdún 2011, Aurélien Francillon, Boris Danev àti Srdjan Capkun ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ETH ní Zürich mú ọkọ̀ 10 láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ 8, wọ́n dán wọn wò. Kò sí ọ̀kan tí wọn kò rí ṣí, kò sí ọ̀kan tí wọn kò rí wà lọ. Wọn kò já àdìtú kankan. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé ohùn ọkọ̀ lọ bá rìmóòtù níbi tó wà, wọ́n sì gbé èsì rìmóòtù padà wá bá ọkọ̀. Ọkọ̀ gbà pé olówó òun ti dé. Olówó ń sùn, rìmóòtù wà lórí tábìlì. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ọlọ́pàá West Midlands fi fídíò hàn gbogbo ayé: ọkùnrin méjì ní Solihull, ọ̀kan gbé àpótí kan dúró ti ẹnu ọ̀nà ilé, èkejì dúró ti Mercedes. Kò gbà wọ́n ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. ADAC, ẹgbẹ́ onímọ́tò tó tóbi jù ní Jámánì, ti ń ṣe irú ìdánwò yìí láti ọdún 2016, ọkọ̀ tó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Olè kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2022, wọ́n jí RAV4 onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí kò yẹ kí olè yàn. Ó tọpa ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n sì gbé e jáde ní 2023: àwọn olè ti fa ike iwájú ọkọ̀ náà ya, wọ́n dé ibi wáyà iná iwájú, wọ́n sì tibẹ̀ bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀ tààrà pé kọ́kọ́rọ́ ti dé. Inú ohun tó dà bí agbóhùnjáde kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ orin ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà pa mọ́ sí. Wọn kò wá rìmóòtù rárá.

Nínú ọgbà ilé ìwòsàn tí mo dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni idà Okomfo Anokye wà nínú ilẹ̀, tí àwọn Àṣáńtì ní kò sẹ́ni tó lè fà á tu. Òun nìkan ni ohun tí mo mọ̀ ní Bantama tí olè kò rí ti ṣe.

Oògùn ohùn gbígbé wà, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sì ti ń lò ó láti nǹkan bí ọdún 2018, Jaguar àti Land Rover wà níwájú: ìgbì tí wọ́n ń pè ní UWB, tó ń ka àsìkò tí ìgbì fi lọ àti èyí tó fi bọ̀. Ìgbì rédíò ń rin nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà nínú nanosecond kan ṣoṣo, nítorí náà ẹni tó bá gbé ohùn gba ọ̀nà jíjìn kò lè fi ìpẹ́ rẹ̀ pa mọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ní in kì í ṣe èyí tí tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì ń rà ní Kumasi lónìí. Fún àwọn yòókù, ohun tó wà lọ́wọ́ wa kò wọ́n. Ẹ fi rìmóòtù sínú agolo onírin tó dé dáadáa tí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí àpò tí wọ́n ṣe fún un, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wò bóyá ilẹ̀kùn ṣì ń ṣí. Àpò mìíràn kò ju aṣọ lásán lọ. Ọ̀pọ̀ rìmóòtù Toyota ní ọ̀nà àbáyọ kan tí alágbàtà kì í sọ: ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtìlẹ̀kùn mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ ti ìṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, iná kékeré á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin, rìmóòtù á sì sùn títí ẹ ó fi jí i láàárọ̀. Ní ilé agboolé Bantama, tí yàrá ìsùn kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan sí ibi tí ọkọ̀ wà, ìyẹn kò pọ̀ jù. Irin tí wọ́n fi ń de sítíárín náà kò tíì di ohun àtijọ́.

Síbẹ̀, bí mo bá ń gbé Bantama, kì í ṣe olè tó máa gbé ohùn rìmóòtù mi ni mo máa kọ́kọ́ bẹ̀rù. Olè tó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán ní Kánádà ni.

Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọkọ̀ tí kò lo kọ́kọ́rọ́, pàápàá ti Toyota, Lexus àti Honda tó ga, di ohun tí wọ́n ń jí lójoojúmọ́ ní Toronto àti agbègbè rẹ̀. Àwọn kan ń gbé ohùn. Àwọn mìíràn ń wọnú ọkọ̀, wọ́n á so ẹ̀rọ mọ́ ihò tí mẹkáníìkì fi ń yẹ ọkọ̀ wò lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á sì kọ́ ọkọ̀ láti gba rìmóòtù tuntun. Lọ́dún 2023, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò Kánádà san owó tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là kan àtààbọ̀ fún ọkọ̀ tí wọ́n jí. Ìjọba pe ìpàdé gbogbogbòò ní Ottawa ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ọdún 2024. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fòfin dè ni Flipper Zero, ohun ìṣeré kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ní kò lè jí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba wa nìkan kọ́ ló ń lé eku nígbà tí ológbò ń jẹran lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, àwọn ọlọ́pàá Ontario kéde pé ọkọ̀ 598 tí wọ́n jí ni wọ́n ti rí gbà padà ní èbúté Montreal, nínú kọ̀ńténà, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn tí wọn kò rí gbà ńkọ́? Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà lára ibi tí wọ́n ń lọ, Gáná sì wà níwájú. Oníròyìn CBC láti Kánádà wá sí Accra ní ọdún 2023, wọ́n rí ọkọ̀ ará ìlú wọn níbẹ̀. EOCO, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ọrọ̀ ajé ní Gáná, ń bá àwọn ọlọ́pàá òkèèrè ṣiṣẹ́ láti wá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́. Kò kan ẹnikẹ́ni pé ẹni yẹn san owó ọkọ̀ náà pé, pé ó ní ìwé aṣọ́bodè, pé ó ti sọ ọ́ di ti ìjọ tàbí ti ìyàwó. Ọkọ̀ ń lọ, òun náà á máa wá alágbàtà kiri. Ìrọ̀rùn tí ẹnìkan rà ní Brampton ní Kánádà ló di ẹjọ́ sí ọrùn ẹlòmíràn ní Kumasi. Ní Cotonou àti Èkó, ìtàn kò yàtọ̀.

Rìmóòtù fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí. Olè tó kọ́ ọkọ̀ láti gba rìmóòtù tuntun kò ní rìmóòtù ti olówó. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé SUV ọlọ́dún méjì síwájú yín pẹ̀lú rìmóòtù kan ṣoṣo, tí rìmóòtù náà sì ń dán ju ọkọ̀ lọ, tí kò ní àmì ilé iṣẹ́, ẹ dúró. Kì í ṣe ẹ̀rí tó parí ẹjọ́: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n rà ní gbàǹjo Copart ní Amẹ́ríkà máa ń wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ní gbàǹjo yóò ní ìwé gbàǹjo. Kó mú un wá.

Ká ní ọkọ̀ náà mọ́, ọ̀rọ̀ rìmóòtù kan ṣoṣo kò tíì tán. Ẹni tó bá sọ kọ́kọ́rọ́ onírin lásán nù yóò lọ bá agékọ́kọ́rọ́ ní Adum, ọ̀rọ̀ parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ẹni tó sọ rìmóòtù kan ṣoṣo nù ní láti wọ́ ọkọ̀. Ibi tí wọ́n máa wọ́ ọ lọ ni Suame Magazine, tí kò jìnnà sí Bantama, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó mẹkáníìkì tó tóbi jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá fojú kéré ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2013, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Magazine, pẹ̀lú ayàwòrán kan àti onímọ̀ àwùjọ kan láti Netherlands, kọ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Turtle, ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú rọrùn kí mẹkáníìkì ojúlé lè tún un ṣe. Ọkọ̀ onírìmóòtù lòdì sí èrò yẹn pátápátá. Lónìí, oníwáyà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Magazine ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ẹ̀rọ tó ń kọ kọ́kọ́rọ́, ó sì lè ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ tuntun ń gba owó gọbọi lé lórí.

Ohun tó yẹ kí èèyàn rò dáadáa ni pé ẹni tó lè kọ́ ọkọ̀ yín láti gba rìmóòtù tuntun lè kọ́ ọ láti gba méjì, kó fún yín ní ọ̀kan. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ní Magazine ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ pé ẹ̀rọ náà gbà á. Kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń sọ iye kọ́kọ́rọ́ tó ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ ní kí oníwáyà fi nọ́ńbà yẹn hàn yín lójú ẹ̀rọ rẹ̀. Bí rìmóòtù méjì bá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ̀rọ sì ní mẹ́rin ló wà, ẹ ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó sì kọ tiyín nìkan padà sínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ra tòkunbọ̀ onírìmóòtù, mo rò pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe nìyí, kó tó pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì pàápàá.

Fún àwọn tó ń gbé ọkọ̀ fún awakọ̀ lábẹ́ ètò work and pay, èyí tí awakọ̀ fi ń san owó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì. Awakọ̀ kò lè dọ́gbọ́n gé ẹ̀dà rìmóòtù ní ìdí ọjà bó ṣe lè gé ti kọ́kọ́rọ́ lásán, ìyẹn dára fún olówó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí rìmóòtù bá jẹ́ ọ̀kan, ọwọ́ awakọ̀ ló wà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì jà, olówó ọkọ̀ á dúró ti ohun ìní rẹ̀, kò ní lè ṣí i. Èyí ló mú kí n gbà pẹ̀lú àwọn tó ṣì ń fi ọkọ̀ kékeré oníkọ́kọ́rọ́ ṣe táàsì tàbí Bolt.

Àwọn àléébù kan wà tó kéré, ṣùgbọ́n tó ń bí ni nínú. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà nínú ọ̀pọ̀ rìmóòtù kì í lò ju ọdún kan sí méjì lọ, ó sì máa ń kú lálẹ́ ọjọ́ tí òjò ń rọ̀. Ẹ má bẹ̀rù: irin kọ́kọ́rọ́ kékeré kan sábà máa ń wà nínú rìmóòtù, ihò rẹ̀ wà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí lẹ́yìn ìdérí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, ẹ fi rìmóòtù náà kan bọ́tìnnì ìtanná fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ti Toyota máa ń tan báyìí, láìsí bátìrì. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ tí ara dẹ̀. Bátìrì tó ti kú náà, ẹ má fi síbi tí ọmọ kékeré lè mú un: bí ó bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì.

Ẹ́ńjìnnì kì í kú nítorí pé rìmóòtù kúrò nínú ọkọ̀, nítorí kí ó má bàa kú sójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkọ kan bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Komfo Anokye, rìmóòtù wà lápò rẹ̀. Ìyàwó bọ́ sí ìdí sítíárín, ó lọ sí Suame, ó pa ọkọ̀. Kò ní tan mọ́ títí ọkọ yóò fi wọ táàsì dé. Ọkọ̀ ti pariwo kí wọ́n tó pínyà, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ariwo nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kumasi? Ní Amẹ́ríkà, ìgbàgbé jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn èèyàn fi ẹ́ńjìnnì tí kò pariwo sílẹ̀ nínú gáréèjì tó wà lábẹ́ ilé, wọ́n rò pé àwọn ti pa á, èéfín rẹ̀ sì bá wọn lójú oorun. New York Times ka ikú 28 láti 2006 títí di 2018. Toyota fi ètò tó ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sí ọkọ̀ rẹ̀ fún ọjà ibẹ̀ láti orí ti ọdún 2020. Ní Bantama, ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń sùn, ewu yẹn kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tó yẹ kí àwọn ará àdúgbò ilé ìwòsàn mọ̀: ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kó máa lù dáadáa kò gbọdọ̀ fara ti ibi tí ìgbì ọkọ̀ ti ń jáde. Ìwé ìlò Toyota ní kó fi sẹ̀ǹtímítà 22 sí àárín. Kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Kí ni mo máa rà, kí ni mi ò ní rà? Bí ẹnìkan bá ń ra ọkọ̀ tuntun pẹ̀lú rìmóòtù méjì àti ìwé ẹ̀rí, kó rà á, kó gbádùn ẹ̀mí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ra tòkunbọ̀, èyí tó bá wa mu jù ni ọkọ̀ tó wà láàárín: kọ́kọ́rọ́ onírin tó ní ṣíìpù nínú, rìmóòtù tí a ń tẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn, kò sí bọ́tìnnì. Kò lè gbé ohùn rẹ̀ fún olè nígbà tí a bá ń sùn, ẹ̀dà rẹ̀ kò wọ́n tó ti rìmóòtù, oníwáyà ní Magazine sì mọ̀ ọ́n dunjú. Bó bá jẹ́ Kia tàbí Hyundai láti Amẹ́ríkà, ẹ kọ́kọ́ ní kí oníwáyà wò ó bóyá immobiliser wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ti fẹ́ràn bọ́tìnnì débi tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, kó má gbà á láìsí rìmóòtù kejì, tàbí kó yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tó máa san.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ kọ nọ́ńbà ṣásì tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ẹ fi wé ti ara ilẹ̀kùn àti ti inú ìwé. Ọlọ́pàá Kánádà ní ojú ewé CPIC lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá wọ́n ti kéde ọkọ̀ náà pé wọ́n jí i. Ti Amẹ́ríkà ni VINCheck ti àjọ NICB, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Orí fóònù lẹ ó ti ṣe méjèèjì, kò sì ní gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí alágbàtà bá ní kí ẹ má ṣe wàhálà nítorí nọ́ńbà, ẹ má san kọ́bọ̀, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn lọ.